Ìdí kan kì í ṣe ìdí kejì: bí ẹ ṣe lè yan láàárín “reason”, “cause”, “motive”, “grounds” àti “excuse”

Bí ẹ bá wá ọ̀rọ̀ tó jọ “reason” nínú ìwé tó ń kó ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fara jọra pọ̀, wọ́n á tò wọ́n kalẹ̀ fún yín: cause, motive, grounds, excuse, purpose, justification, rationale, pretext. Wọ́n á tò wọ́n bíi pé èyí tó bá wù yín lẹ lè mú. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ àròkọ á ti lo “reason” lẹ́ẹ̀mẹta nínú ìpínrọ̀ kan ṣoṣo, á fẹ́ pa á dà kí wọ́n má baà sọ pé ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu òun, ló bá fi “excuse” síbẹ̀. Lójú tiẹ̀, ó ti ṣe gbólóhùn náà lọ́ṣọ̀ọ́. Lójú ẹni tó ń kà á, ó ti sọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ di aláwàáwí.

Peter Mark Roget, dókítà ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbé èyí tó lókìkí jù nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ jáde ní 1852, ro ti ẹni tó ti ní èrò kan lọ́kàn, tó wá ń wá ọ̀rọ̀ tó máa fi gbé e jáde. Ẹni tí èrò náà kò tíì yé, tó kàn fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan rọ́pò òmíràn, ìwé náà á ṣì í lọ́nà ni.

Ohun tó dùn mọ́ mi níbẹ̀ ni pé Yorùbá ti ya àwọn ìdí wọ̀nyí sọ́tọ̀ tipẹ́, nínú ìbéèrè tí à ń bi ara wa lójoojúmọ́. Ìbéèrè tí à ń bi ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ dẹnu kọlẹ̀ lójú ọ̀nà kọ́ là ń bi ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tó ti ń jalè. Nítorí náà, ẹ má wulẹ̀ há ìtumọ̀ sórí. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ní Yorùbá, kí ẹ tó mú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ìgbésẹ̀ kìíní: irú ìbéèrè wo ni gbólóhùn yín ń dáhùn?

“Kí ló fà á?” Ìṣẹ̀lẹ̀ la fi ìbéèrè yìí ń wádìí, kì í ṣe ọkàn ènìyàn. Iná jó ilé, ọkọ̀ takìtì, náírà já wálẹ̀: ohun kan ló fà á, ẹnikẹ́ni ìbáà gbèrò rẹ̀ tàbí kó má gbèrò rẹ̀. “Cause” nìyẹn. “The cause of the fire” lè jẹ́ wáyà tó bó tàbí gáàsì tó ń jò. Bí ẹ bá sọ pé “the reason for the fire”, wọn ò ní sọ pé ẹ ṣi Gẹ̀ẹ́sì sọ, ṣùgbọ́n ẹlòmíì lè máa wòye bóyá ẹnìkan ló mọ̀ọ́mọ̀ dáná sun ilé náà.

“Kí ló dé tó o fi ṣe é?” Ìbéèrè yìí ń retí àlàyé látẹnu ẹni tó ní làákàyè. “Reason” ló bá a mu. Òun ló fẹ̀ jù nínú gbogbo wọn, torí ó gba ohun tí ènìyàn ní í sọ nípa ìwà tó hù, ó sì tún gba àlàyé tó mú kí ọ̀rọ̀ kan rí bó ṣe rí. Nígbà tí àwọn àgbà bá ní bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú, irú ìdí tí wọ́n ń sọ nìyẹn: ẹnìkan ló sọ ọ́ lórúkọ, ó sì ní ohun tó rí. Láti inú “ratio” èdè Látìn, tó jẹ mọ́ ìṣirò àti ìrònú, ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá, ó sì gba ọ̀nà Faransé wọ Gẹ̀ẹ́sì. Ìdí abájọ tó fi jẹ́ pé “reason” kan náà ni wọ́n tún fi ń pe làákàyè.

“Kí ló sún un dé bẹ̀?” Ọkàn ẹni náà la fẹ́ yẹ̀ wò wàyí. Owó ni? Owú ni? Ìfẹ́ ni? “Motive” ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò, gbòǹgbò rẹ̀ ní Látìn sì ni ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí kí a mú nǹkan kúrò lójú kan, èyí tí kò jìnnà rárá sí “sún” tiwa. Ẹ ṣọ́ra fún un. Ẹnu ọlọ́pàá àti akọ̀ròyìn ló ti wọ́pọ̀, ìfura sì máa ń bá a rìn. Bí ọ̀rẹ́ yín bá gbé ẹ̀bùn wá, tí ẹ wá bi í pé “What is your motive?”, ẹ ti bú u.

“Orí kí lo dúró lé?” Ẹni tó fẹ̀sùn kan èèyàn, tó ń bèèrè ẹ̀tọ́, tàbí tó kọ̀ láti ṣe nǹkan gbọ́dọ̀ ní ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀. “Grounds” nìyẹn. Àwa náà máa ń sọ pé ẹ̀sùn kan ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì á sì pè é ní “groundless”. Mi ò tíì rí ibi tí èdè méjèèjì ti sún mọ́ra tó báyìí nínú ọ̀rọ̀ yìí.

“Kí ló dá ọ láre?” “Justification” nìyẹn: o ṣe é lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tọ́ kí o ṣe é.

“Kí lo fẹ́ fi ṣe?” Iwájú ni ìbéèrè yìí ń wò, kò wẹ̀yìn bíi ti àwọn yòókù. “Purpose” ni. Ilé ẹ̀kọ́ gíga tó ní kí ẹ kọ “statement of purpose” kò fi bẹ́ẹ̀ nífẹ̀ẹ́ sí ìtàn ìgbà èwe yín. Ohun tí ẹ fẹ́ fi ẹ̀kọ́ náà ṣe ni wọ́n ń béèrè, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fi ìwé náà dáhùn “Kí ló dé?”

“Kí lo fi bojú?” Ẹni tó fi àìsàn bojú kó lè ráyè lọ òde àríyá, “pretext” ni àìsàn náà jẹ́ fún un. Ìdí tó ń sọ síta nìyẹn, ìdí tòótọ́ wà lábẹ́ rẹ̀. “Excuse” sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù fún ìlà méjì, a máa padà sí i.

Ti “rationale” kò le. Ìrònú tó wà nídìí ètò tàbí ìpinnu ni, ó sì dára fún ìjábọ̀ iṣẹ́ àti ìwé ìwádìí. Ẹ má lò ó fún ìdí tí ẹ fi pẹ́ dé ibi ìsìn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ fi gbogbo wọn dán ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo wò

Ẹ ò lè mọ ìyàtọ̀ wọn dáadáa bí ẹ bá ń fi gbólóhùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kọ́ wọn. Ẹ mú ọ̀rọ̀ kan, kí ẹ máa pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ìdí lórí rẹ̀, kí ẹ sì wo bí ìtàn náà ṣe ń yí padà.

Ní oṣù Kejìlá 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yin àgbá lu Èkó. Ogun Àgídìngbì làwọn ará Èkó ń pè é, torí ìró àgbá náà. Ọba Kòsọ́kọ́ sá kúrò nílùú, ó sì tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́. Wọ́n dá Akítóyè, tí Kòsọ́kọ́ ti lé kúrò lórí oyè ní 1845, padà sáàfin. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1852, Akítóyè fọwọ́ sí àdéhùn pé òwò ẹrú ti dópin ní Èkó. Ọdún mẹ́wàá ò tíì pé lẹ́yìn ìyẹn tí Dòsùmú ọmọ rẹ̀ fi fọwọ́ sí ìwé tó sọ Èkó di ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ 1861.

Ìjà oyè láàárín Kòsọ́kọ́ àti Akítóyè wà lára ohun tó fa ogun náà: “The dispute over the throne was one of the causes of the war.” Kò sẹ́ni tó jókòó pe ìjà oyè náà kí ogun òyìnbó lè dé. Ó ṣẹlẹ̀, ó sì bí òmíràn.

Ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ síta ni òwò ẹrú: “The reason the British gave was the slave trade.” Ẹ kíyè sí “gave”. Ẹnu ni wọ́n fi ń fúnni ní “reason”, ó lè jẹ́ òótọ́, ó lè má jẹ́ gbogbo òótọ́. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e bí ọ̀rọ̀ ẹjọ́, ẹ ó sọ pé “They attacked on the grounds that Kosoko refused to give up the slave trade.”

Kí ló wà lọ́kàn wọn? Ibẹ̀ làwọn òpìtàn ti ń bá ara wọn jiyàn. Àwọn kan ní òwò epo pupa àti ọ̀nà omi tó gba inú ọ̀sà wọ ilẹ̀ Yorùbá ló ń wọ̀ wọ́n lójú. Ẹni tó bá gbà bẹ́ẹ̀ á kọ pé “Their real motive was trade.” Ẹni tó bá tún fẹ́ lọ jìnnà ju ìyẹn lọ á kọ pé “The slave trade was only a pretext.” Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló pa dà, ó sì ti gbè sẹ́yìn apá kan. Ní tèmi, mi ò ní lo “pretext” níbí láìfi nǹkan kún un, torí òwò ẹrú ń lọ ní Èkó ayé Kòsọ́kọ́ lóòótọ́, àdéhùn 1852 náà sì sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. “Motive” fi àyè sílẹ̀ fún ohun méjì lẹ́ẹ̀kan náà, “pretext” kò fi àyè kankan sílẹ̀.

Ẹni tó ń gbèjà ọ̀gágun ojú omi wọn á wá “justification”. Ẹni tó sì ń sọ ohun tí wọ́n fẹ́ kó jẹ yọ á ní “Their purpose was to restore Akitoye.” Gbogbo gbólóhùn wọ̀nyí lè wà nínú àròkọ kan láìta kora, níwọ̀n ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá wà ní àyè rẹ̀. Bí ìbéèrè ìdánwò bá sì béèrè “causes”, tí ẹ wá kọ ohun tó wà lọ́kàn òyìnbó nìkan, ìbéèrè tí wọn ò bi yín lẹ dáhùn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ fara balẹ̀ fún “excuse”

Òun ló ń kó ènìyàn sí wàhálà jù. Gbòǹgbò rẹ̀ ní Látìn ni kí a yọ ènìyàn kúrò nínú ẹ̀sùn, ìyẹn sì fi hàn pé ẹ̀sùn ti wà nílẹ̀ kí “excuse” tó dé. John Austin, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Oxford, ṣàlàyé ìyàtọ̀ kan ní 1956 tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń kọ̀wé mọ̀. Ẹni tó mú “justification” wá gbà pé òun ṣe nǹkan náà, ó sì ní ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mú “excuse” wá gbà pé nǹkan náà kò dára, ṣùgbọ́n ó ní kì í ṣe ẹ̀bi òun pátápátá. “Reason” kò tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, kò sì tíì dá ẹnikẹ́ni láre.

Ẹ gbé èyí lọ sí ọ́fíìsì. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ìjọba tàbí ti aládàáni ní Nàìjíríà mọ ohun tí kúérì jẹ́: lẹ́tà tó ní kí ẹ ṣàlàyé ìdí tí kò fi yẹ kí wọ́n bá yín wí. Ẹni tó fèsì pé “My excuse is that there was heavy traffic” ti fọwọ́ ara rẹ̀ da ẹjọ́ ara rẹ̀ rú. Kí ọ̀gá tó ka ìlà kejì, ó ti gbọ́ “àwáwí mi ni pé”. Ohun tó yẹ kó kọ ni “I was late because the bridge was closed that morning”, tàbí “The reason for my lateness was the closure of the bridge.” Èmi fẹ́ràn ti àkọ́kọ́ ju ti ìkejì lọ, torí ó ṣe ṣókí, kò sì jọ pé ẹni náà ń wá ibi tó máa sá pamọ́ sí.

Ẹ tún wo méjì yìí. “I have no excuse” túmọ̀ sí pé mo jẹ̀bi, mi ò ní ọ̀rọ̀ kankan láti fi bo ara mi. Nínú ìwé ẹ̀bẹ̀, ó máa ń rọ ọ̀pọ̀ ọ̀gá lọ́kàn. “I had no reason” túmọ̀ sí pé mo kàn ṣe é lásán ni, kò sí ohun tó dé. Ẹni tó bá kọ ìkejì nígbà tó fẹ́ kọ àkọ́kọ́ ti sọ ara rẹ̀ di ẹni tí orí rẹ̀ kò pé.

Nígbà tó bá kan ẹlòmíì, ọ̀rọ̀ náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. “Her excuse was that her mother was ill”: ẹ ti ní kò sí ìyá tó ń ṣàìsàn, tàbí pé àìsàn ìyá kò tó nǹkan. Bí ẹ bá gbà á gbọ́, ẹ kọ “her reason”.

Ibì kan wà tí “excuse” kò ní àbùkù lára. Ìwé tí dókítà ń kọ fún òṣìṣẹ́ kó lè sinmi nílé, tí a ń pè ní “excuse duty” ní Nàìjíríà, kì í ṣe àwáwí. Bẹ́ẹ̀ náà ni “a good excuse”, tó túmọ̀ sí ìdí tó tó láti gba ẹni náà sílẹ̀. Ohun tí “excuse” túmọ̀ sí, ọ̀rọ̀ àpèjúwe tó wà níwájú rẹ̀ ló máa ń sọ. Bí kò bá sí “good” tàbí “valid” níbẹ̀, etí á gbọ́ àwáwí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: bí ọ̀rọ̀ bá dé ilé ẹjọ́ tàbí fọ́ọ̀mù ìjọba

Níbi tí òfin bá ti ń sọ̀rọ̀, ẹ má fi ọ̀rọ̀ kan rọ́pò òmíràn nítorí ẹwà. Òfin Nàìjíríà tó ń jẹ́ Matrimonial Causes Act, ti ọdún 1970, ló ń darí ìkọ̀sílẹ̀ fún ìgbéyàwó ti rẹ́jísírì. “Causes” inú orúkọ rẹ̀ kì í ṣe ohun tó fa nǹkan, ẹjọ́ ni. Abala 15 rẹ̀ ní “ground” kan ṣoṣo ló wà fún ìkọ̀sílẹ̀: pé ìgbéyàwó náà ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Àgbèrè, kíkọ ilé sílẹ̀ fún ọdún kan àti àwọn yòókù tí àwọn ènìyàn ń pè ní “grounds for divorce”, ẹ̀rí mẹ́jọ tí ilé ẹjọ́ fi lè gbà pé ìgbéyàwó ti bàjẹ́ ni wọ́n, “facts” ni òfin náà sì pè wọ́n. Ẹ lè sọ “grounds” níbi tí wọ́n ti ń dirun. Ẹ má kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ẹjọ́.

Níta ilé ẹjọ́, “grounds” tó ní “s” lẹ́yìn ló wọ́pọ̀ jù: “on medical grounds”, “on religious grounds”, “grounds for appeal”.

Ibòmíràn tí òfin ti le ni “motive”. Criminal Code, òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún gúúsù Nàìjíríà, sọ ní abala 24 pé, àfi níbi tí òfin bá dìídì sọ ọ́, ohun tó sún ènìyàn hùwà kò kan bóyá ó jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi. Baba tó jí oògùn kó lè gba ọmọ rẹ̀ là ní “motive” tó ń ṣeni láàánú. “Intention” rẹ̀, ohun tó pinnu láti ṣe, ni kó mú ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìyẹn ni adájọ́ máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ohun tó sún un lè wá wúlò nígbà tí wọ́n bá ń wọn ìyà. Àwọn ìwé ìròyìn wa máa ń po méjèèjì pọ̀ bí ẹni ń po ẹ̀kọ.

Lórí ìwé ẹ̀rí ikú, “cause of death” ni, kì í ṣe “reason for death” láéláé. Ikú kì í ṣàlàyé ara rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ọ̀rọ̀ kékeré tó ń tẹ̀lé e

Yorùbá kò nílò ohunkóhun láàárín “ìdí” àti “ìjà” nígbà tó bá ń sọ “ìdí ìjà náà”. Gẹ̀ẹ́sì nílò rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀. Ohun tí mo ń gbọ́ jù lẹ́nu wa ni “the reason of the fight”. “The reason for the fight” ló tọ́, ṣùgbọ́n “the cause of the fight” ni. “Motive” ń gba “for”, ó sì tún ń gba “behind”. “Grounds”, “excuse” àti “justification” ń gba “for”. “Purpose” ń gba “of”. “Pretext” ní àkànlò tirẹ̀: “on the pretext of”, tàbí “under the pretext of”.

“Cause” nìkan ló ń ṣe ojú méjì. “Cause of” ni ohun tó fa nǹkan. “Cause for” ni ohun tó tó kí ènìyàn tìtorí rẹ̀ ní ìmọ̀lára kan: “There is no cause for alarm” túmọ̀ sí pé kò sóhun tó yẹ kó já yín láyà. Bí ẹ bá sọ “no cause of alarm”, kò bá etí mu.

Nígbà tí “cause” bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe, aburú ló sábà máa ń bá rìn. Michael Stubbs, onímọ̀ èdè, fi èyí hàn ní 1995 nígbà tó wo àkójọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó pọ̀ gan-an: problem, damage, death, concern làwọn tó ń tẹ̀lé e. “Fà” tiwa náà fẹ́ràn aburú. Ó fa ìjà, ó fa wàhálà, ó fa ẹjọ́, ṣùgbọ́n ayọ̀ ńkọ́? Mímú la máa ń mú un wá. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì: “Her arrival brought us joy.”

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ fi “pé” ya “because” kúrò lára “because of”

“Because of I was sick” wọ́pọ̀ nínú ìwé ọmọ ilé-ìwé, kò sì nílò òfin gígùn láti wò ó sàn. Ẹ sọ gbólóhùn náà ní Yorùbá. Bí “pé” bá wọlé lẹ́yìn “torí”, “because” ni: torí pé òjò rọ̀, “because it rained”. Bí kò bá sí “pé”, tó jẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ nìkan ló tẹ̀ lé e, “because of” ni: torí òjò, “because of the rain”. Ọgbọ́n yìí ṣì mi lọ́nà níbì kan péré, ìyẹn níbi tí “nítorí” bá ti ń tọrọ àánú. “Nítorí Ọlọ́run” tí à ń fi bẹ̀bẹ̀ kì í ṣe “because of God”. “For God’s sake” ni, ẹ sì mọ̀ pé ìbínú ló pọ̀ nínú ìyẹn lẹ́nu àwọn òyìnbó. Bí ẹ bá ń bẹ̀bẹ̀, “please” tó.

Torí pé Yorùbá máa ń so ìdí mọ́ àbájáde pẹ̀lú ọ̀rọ̀ méjì, àwa náà máa ń sọ “Because it rained, that is why we did not go.” Gẹ̀ẹ́sì ń fẹ́ ọ̀kan: “Because it rained, we did not go”, tàbí “It rained, so we did not go.” Ara àṣìṣe yẹn náà ni “The reason is because”. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gan-an ń sọ ọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n olùkọ́ tó le á fa pẹ́ńsù pupa sí i. Ẹ kọ “The reason is that”. “Reason being that”, tí ẹnu wa fẹ́ràn púpọ̀ ní Nàìjíríà, ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹnu.

“Due to” ní òfin àtijọ́ kan: ó yẹ kó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ orúkọ àti “is” tàbí “was”, bíi “The delay was due to rain”. Òfin náà ti ń rọ, ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn ò sì kà á sí mọ́. Bí ìdánwò bá wà níwájú yín, ẹ tẹ̀ lé e. “Due to the fact that” ní tirẹ̀ kò wúlò fún ohunkóhun tí “because” kò lè ṣe.

“Since” àti “as” dára fún ìdí tí ẹni tẹ́ ẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀: “Since you are already here, sit down.” “Thanks to” wà fún ìdí tó sèso rere, bí ẹ bá sì lò ó fún aburú, ẹ̀fẹ̀ tàbí ẹ̀gàn ni.

Ìgbésẹ̀ keje: ibi tí “reason” kì í ti í ṣe ìdí mọ́

“Listen to reason” ni pé kí ẹ gba ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n. “It stands to reason” ni pé làákàyè fara mọ́ ọn. “Anything within reason” ni ohunkóhun tí kò bá ti kọjá ààlà. “Cause” náà ní ẹ̀gbẹ́ mìíràn: “He gave his life to the cause” ń sọ nípa ìjà fún ẹ̀tọ́ tàbí ìgbàgbọ́. Nínú Pidgin, “reason am” túmọ̀ sí pé kí ẹ rò ó wò, kò sì yẹ kó dé inú lẹ́tà.

Mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún “for reasons best known to him”. A fẹ́ràn rẹ̀ jù nínú lẹ́tà wa, a rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ni. Ẹ̀gàn wà nínú rẹ̀: ẹ ń sọ pé kò sẹ́ni tí ìdí rẹ̀ lè yé yàtọ̀ sí òun fúnra rẹ̀. Ẹ má kọ ọ́ nípa ọ̀gá tí ẹ fẹ́ kó bá yín fọwọ́ sí nǹkan.

Ẹ dán ara yín wò

Ẹ fi ọ̀rọ̀ tó yẹ sí àyè tó ṣófo kí ẹ tó ka ìdáhùn.

“He left early on the ___ of a headache, but we met him at the party.”

“Nothing was stolen, and the police could find no ___ for the killing.”

“The petition failed because its ___ were weak.”

“You have no ___ to be afraid.”

Ti àkọ́kọ́ ni “pretext”, torí orí fífọ́ ló fi bojú. Ti ìkejì ni “motive”: ẹnìkan pa ènìyàn, wọn ò mọ ohun tó sún un. Bí ẹ bá fi “cause” síbẹ̀, ẹ padà sí ìbéèrè “Kí ló fà á?” Ti ìkẹta ni “grounds”, “were” sì ti fi hàn yín pé “s” gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ti ìkẹrin gba méjì. “Reason” tọ́, “cause” náà tọ́, àmọ́ “cause” ga díẹ̀, ó sì yẹ lẹ́tà ìjọba jù. Sí ẹ̀gbọ́n yín tí ẹ̀rù ń bà kó tó lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò físà, “reason” ni kí ẹ kọ.